Àhesọ àti Àjàkálẹ̀ Àrùn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, 1918 sí 2014

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Kò sí ìgbà tí òwe yìí ń ṣẹ tó ìgbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ ìlú. Àrùn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní yàrá kan kì í dúró sí yàrá náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ẹnu ọ̀nà kan kì í dúró sí ẹnu ọ̀nà náà. Àwọn méjèèjì jọ ń rìn ni, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀rọ̀ sì máa ń ṣáájú àrùn dé ibi tí wọ́n jọ ń lọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ wo ìrìn àwọn méjèèjì dáadáa, Ìsàlẹ̀ Èkó ni kí ó lọ. Níbẹ̀ ni Ẹnu Ọ̀wá wà, nítòsí Ìga Ìdúngànràn tí í ṣe ààfin Ọba Èkó. Ẹnu Ọ̀wá yìí ni a ti máa ń ṣe orò ìwúyè ọba. Ilé fi ara kan ilé ní àdúgbò yìí, agboolé wọ inú agboolé, ọjà kò jìnnà, ọ̀sà kò sì jìnnà. Àrùn tí ọkọ̀ òkun bá gbé dé èbúté Èkó kò ní rìn jìnnà kí ó tó kan ilẹ̀kùn wọn. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ti ìga jáde, tàbí tí ó bá ti ọjà wá, kò ní pẹ́ yí gbogbo Erékùṣù Èkó ká.

Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún ni àrùn ńlá ti kọlu àwọn ènìyàn wọ̀nyí tí ìbẹ̀rù àti àhesọ sì tẹ̀lé e: ní ọdún 1918, ní ọdún 1924 sí 1931, àti ní ọdún 2014. Nígbà méjì àkọ́kọ́, àwọn aláṣẹ rò pé òpè ni ará ìlú, pé àìmọ̀kan ni ó jẹ́ kí wọ́n máa sá fún ẹni tí ó fẹ́ gbà wọ́n là. Bí a bá tú ìtàn náà wò fínnífínní, a óò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Lúkúlúkú

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń parí lọ, ọkọ̀ òkun tí ó ti Gold Coast bọ̀, èyí tí à ń pè ní Ghana lónìí, gbé àrùn kan wọ Èkó. Influenza ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Àwọn Yorùbá sọ ọ́ ní lúkúlúkú. Ibà líle, ikọ́, ara ríro àti èémí tí kò já gaara ni ó fi ń mú ènìyàn. Ohun tí ó ya gbogbo ayé lẹ́nu ni pé kì í ṣe arúgbó àti ọmọ ọwọ́ nìkan ni ó ń pa. Àwọn ọ̀dọ́ tí agbára wọn pé ni ó ń gbé ṣubú. Ní ìlú Èkó, tí iye ènìyàn inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 80,000 lọ nígbà náà, àwọn tí ó kú ju 1,000 lọ láàárín àkókò díẹ̀. Ní gbogbo Nàìjíríà, ìṣirò tí àwọn onítàn ń mú lò ni pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ni ó bá a lọ.

Ìjọba kò ní oògùn rẹ̀. Wọn kò tilẹ̀ mọ ohun tí ó ń fà á, nítorí ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó rí kòkòrò àrùn náà lára ènìyàn. Ohun tí ìjọba ní ni agbára. Àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ń wọ ilé láti wá aláìsàn, wọ́n ń da oògùn apakòkòrò sí ilé. Ará ìlú rí èyí, wọ́n sì ṣe ohun tí ẹni tí a ká mọ́ ilé máa ń ṣe. Wọ́n gbé aláìsàn wọn pamọ́. Àwọn mìíràn wọ ọkọ̀ ojú omi, àwọn mìíràn wọ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n forí lé ìlú baba wọn. Ọ̀nà irin ti kúrò ní Èkó gba Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, ó sì ti dé Kánò láti ọdún 1912. Bí wọ́n ti ń sá ni wọ́n ń gbé àrùn náà lọ fún àwọn tí wọ́n ń sá tọ̀.

Ó yẹ kí a ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn. Kì í ṣe pé àwọn Yorùbá kò mọ̀ pé àrùn ń ràn. Nígbà ilẹ̀gbóná, ìlànà àtijọ́ ni pé kí a ya aláìsàn sọ́tọ̀, kí èrò má sì rọ́ lọ síbẹ̀. Ẹni tí ó kúrò ní Èkó ní ọdún 1918 ń ṣe ohun tí ọgbọ́n àwọn baba rẹ̀ kọ́ ọ: kúrò níbi tí àrùn wà. Ohun tí kò sí ẹni tí ó sọ fún un ní ọ̀nà tí yóò fi gbà á gbọ́ ni pé àrùn yìí ń ràn kí ó tó fi ara hàn rárá, àti pé òun fúnra rẹ̀ lè ti rù ú.

Ìdí Ìfura

Kí ni ó dé tí kò fi sí ẹni tí wọn yóò gbàgbọ́? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Nígbà tí ìjọba fẹ́ fa omi ẹ̀rọ láti Ìjú wá sí Èkó, ará ìlú kọ́kọ́ fara mọ́ omi náà, ṣùgbọ́n nígbà tí a ní kí wọ́n san owó orí omi, ìjà dé. Ní ọdún 1908, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn; ní ọdún 1916, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí gba owó náà, wọ́n tún fi ẹ̀hónú hàn. Ọba Èṣùgbàyí, Elékòó, wà lẹ́yìn àwọn ènìyàn rẹ̀, ìjọba sì bínú sí i. Láti ìgbà náà, bí ìjọba bá sọ pé ohun kan wà fún ìlera, ìbéèrè tí ó ń wá sí ọkàn ará Èkó ni pé, èló ni yóò ná wa?

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún ju ti omi lọ. Ìjọba ti gba ilẹ̀ ní Àpápá lọ́wọ́ Olóyè Olúwá láìsan owó tí ó tọ́ fún ẹbí rẹ̀. Ẹjọ́ náà dé London, Herbert Macaulay sì bá Olóyè Amodu Tijani, tí í ṣe Olúwá, lọ sí ìlú Òyìnbó nítorí rẹ̀. Ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ adájọ́ Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá Olúwá láre. Ohun tí ará Ìsàlẹ̀ Èkó kọ́ nínú ẹjọ́ yìí ni pé ìjọba lè gba ilẹ̀ oní-ilẹ̀, àti pé bí oní-ilẹ̀ bá dákẹ́, ó gbé. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí okùn nílẹ̀, yóò fò.

Àrùn Eku

Inú irú ọkàn báyìí ni àrùn kejì bá wọn. Ní oṣù Keje ọdún 1924, àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, kò sì tán nílẹ̀ pátápátá títí di ọdún 1931. Àrùn yìí ti ń yí ayé ká láti òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ní ọdún 1894, Alexandre Yersin rí kòkòrò rẹ̀ ní Hong Kong; ní ọdún 1898, Paul-Louis Simond fi yé ayé pé kòkòrò tín-ín-tín tí ń gbé inú irun eku, tí ó sì ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ni ó ń gbé àrùn náà fún ènìyàn. Eku ni ó ń kọ́kọ́ kú. Nígbà tí ara eku bá di tútù, kòkòrò tí ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò wá ẹlòmíràn tí ara rẹ̀ gbóná, ẹni tí ó bá sùn nítòsí ni yóò sì bà lé. Kókó yóò wú sí onítọ̀hún ní abẹ́ apá tàbí ní abẹ́ itan, ibà yóò gbé e dè, ọ̀pọ̀ a sì máa kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní àkókò náà, kò tíì sí oògùn tí ń wò ó bí àwọn oògùn òde òní.

Ẹni tí ó bá lóye èyí yóò rí i pé òkú eku ni aróko tí àrùn náà ń fi ránṣẹ́ kí ó tó dé. Bí olúkúlùkù bá tètè kéde òkú eku tí ó rí nínú ilé rẹ̀, a lè gba àdúgbò là. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kéde rẹ̀? Ẹni tí ó bá fi òkú eku hàn ni wolé-wolé yóò wọ ilé rẹ̀. Òun ni a óò kó jáde kí a lè da oògùn sí yàrá rẹ̀, òun náà ni a lè wó ilé rẹ̀. Ẹni tí ó gbé eku sin ní òru, tí ó sì dákẹ́, ni ó sùn nínú ilé rẹ̀ ní ọ̀la. Nígbà tí ètò bá ń fi ìyà jẹ olóòótọ́, tí ó sì ń dá ẹni tí ó fi òtítọ́ pamọ́ sí, kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí òtítọ́ bá di ọ̀wọ́n.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní Íńdíà, nígbà tí àrùn kan náà dé ìlú Pune, bí àwọn ọmọ ogun ṣe ń fi agbára wọ ilé àwọn ènìyàn bí wọn nínú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi pa W. C. Rand, ìjòyè Òyìnbó tí ó jẹ́ olórí ètò náà, ní ọdún 1897. Ní Dakar, ní ọdún 1914, àwọn Faransé jó ilé àwọn aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí àdúgbò tuntun tí wọ́n pè ní Médina. Àwọn Lebou tí ó ni ilẹ̀ dìde láti kọ̀ ọ́. Ohun tí ó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe.

Láàárín ìdààmú yìí ni ọmọ Yorùbá kan dìde tí ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa rántí orúkọ rẹ̀: Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé. A bí i ní ọdún 1892. Ó lọ sí King's College ní Èkó, ó sì gba oyè ìṣègùn ní Yunifásítì Glasgow ní ọdún 1918. Láti àárín àwọn ọdún 1920 ni ó ti wọ iṣẹ́ ìlera ìlú Èkó, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà. Ó tún ètò àyẹ̀wò ní èbúté ṣe kí àrùn má baà máa bá ọkọ̀ wọlé. Ó dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábàá, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn wolé-wolé. Ó bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera àwọn ọmọ ilé-ìwé.

Ìtumọ̀ iṣẹ́ yìí jinlẹ̀ ju bí ó ti rí lójú lọ. Títí di ìgbà náà, ohun tí ìyá ilé mọ̀ mọ́ wolé-wolé ni pé ó ń yọjú sí ìkòkò omi láti wá ẹyin ẹ̀fọn, bí ó bá sì rí i, kóòtù àti owó ìtanràn ni ó kàn. Olúwọlé rí i pé ẹni tí yóò wọ ilé onílé gbọ́dọ̀ mọ ìdí tí ó fi ń wọlé, kí ó sì lè fi èdè ilé náà ṣàlàyé rẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé tí a kọ́ ní ìmọ́tótó ní òwúrọ̀ yóò gbé ẹ̀kọ́ náà délé ní ọ̀sán, ìyá rẹ̀ kò sì ní sá fún un. Àwọn onítàn ìlera ń pe Olúwọlé ní baba ìlera gbogbo ènìyàn ní Nàìjíríà. Ó kú ní ọdún 1953.

Ṣùgbọ́n bí Olúwọlé ti ń kọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba tí ó gbà á síṣẹ́ ń wó. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1925, nígbà tí àrùn eku ṣì wà nílẹ̀, ìjọba yọ Ọba Èṣùgbàyí lóyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Wọ́n fi Ìbíkúnlé Akítóyè jẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Sànúsí Olúsì. Ìlú pín sí méjì. Àwọn kan tẹ̀lé ọba tuntun. Ọ̀pọ̀, tí Herbert Macaulay àti ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ tí ó dá sílẹ̀ ní ọdún 1923 ṣáájú wọn, kò mọ ọba mìíràn bí kò ṣe ẹni tí ó wà ní Ọ̀yọ́. Ọdún 1931 ni ẹjọ́ tí a pè ní London bẹ̀rẹ̀ sí so èso, tí Èṣùgbàyí sì padà sí Èkó. Kí ẹni tí ń ka ìtàn fi àwọn ọdún wọ̀nyí wé ara wọn. Láti ọdún 1925 títí di ọdún 1931, nínú ọdún mẹ́fà tí ó yẹ kí ohùn kan ṣoṣo máa ti Ìga Ìdúngànràn jáde sí ìlú nípa àrùn yìí, kò sí ohùn bẹ́ẹ̀. Ìjọba ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹnu tí àwọn ènìyàn ìbá gbọ́ tirẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Nígbà Tí Àhesọ Bá Ní Òtítọ́ Nínú

Níhìn-ín ni olùkọ́ gbọ́dọ̀ ti ṣọ́ra. Ó rọrùn láti kọ́ ọmọ pé irọ́ ni gbogbo àhesọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù ní ọdún 1924 pé a óò torí àrùn eku gba ilẹ̀ òun, ṣé irọ́ ni ó ń pa? Ní ọdún 1928, ìjọba dá ìgbìmọ̀ tí ń tún ìlú Èkó ṣe sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí LEDB, àrùn eku sì ni ó fa ìdásílẹ̀ rẹ̀. A fún un ní agbára láti gba ilẹ̀, kí ó sì wó ilé tí kò bá dára. Láti ọdún 1955, ìgbìmọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé lórí ilẹ̀ tí ó tó 70 éékà ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Súúrùlérè. Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1961, fi hàn bí ẹbí ṣe tú ká, tí àwọn oníṣòwò sì pàdánù oníbàárà wọn.

Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹlẹ́rù ń sọ ni ó jẹ́ ọ̀rọ̀ òpè. Òtítọ́ ni pé àrùn eku wà, pé ó ń pa ènìyàn, àti pé ilé tí ó há tí eku kún inú rẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́. Òtítọ́ ni pẹ̀lú pé àwọn tí ó ní agbára fi ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ṣe ohun tí ó ju ìmọ́tótó lọ. Ẹni tí ó bá sọ èkínní tí ó sì fi èkejì pamọ́ kò ní rí ẹni tí yóò gbà á gbọ́.

Iyọ̀ àti Ebola

Ní ogúnjọ́ oṣù Keje ọdún 2014, ọmọ ilẹ̀ Liberia kan tí í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ibẹ̀ bá ọkọ̀ òfuurufú dé Èkó pẹ̀lú àìsàn lára. Ilé ìwòsàn kan ní Ọbáléndé, ní Erékùṣù Èkó, ni a gbé e lọ, nítorí àwọn dókítà ìjọba wà nínú ìyanṣẹ́lódì. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tí ó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, fura pé Ebola ni. A fi ipá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ, ó kọ̀. Bí ó ti kọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí àrùn náà wọ àárín ọjà. Ọkùnrin náà kú ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù náà. Dókítà Adadevoh, tí ó kó àrùn náà lára rẹ̀, kú ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹjọ. Ọmọ-ọmọ-ọmọ Herbert Macaulay ni obìnrin yìí.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìgbà tí àlejò náà kú, àhesọ kan gba orí tẹlifóònù ní òru: kí olúkúlùkù fi omi gbígbóná tí a po iyọ̀ sí wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó sì mu nínú rẹ̀, kí Ebola má baà mú un. Kí ọjọ́ tó là, ó ti kárí Nàìjíríà. Àwọn ènìyàn ń jí ara wọn ní ojú oorun. Iyọ̀ púpọ̀ a máa ba àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru nínú jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní oṣù náà pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì ni ó ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Àwọn mìíràn ń wá orógbó kiri. Ti orógbó ní ìdí díẹ̀: ní ọdún 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu ti sọ ohun tí omi orógbó ṣe sí kòkòrò Ebola nínú ìgò ìwádìí. Ṣùgbọ́n inú ìgò yàtọ̀ sí inú ènìyàn, kò sì sí ẹ̀rí pé orógbó wo ènìyàn kan sàn.

Ta ni ó fi ọ̀rọ̀ iyọ̀ ránṣẹ́? Kì í ṣe ọ̀tá. Ìyá ni ó pe ọmọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ni ó pe àbúrò. Ìfẹ́ ni ẹsẹ̀ tí àhesọ náà fi rìn. Ẹni tí a fẹ́ràn kò ní dúró wádìí nígbà tí ó rò pé ikú wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn ọmọ rẹ̀. Èyí ni kò jẹ́ kí ìkéde lórí rédíò nìkan tó láti borí rẹ̀. Ohun tí ojúlùmọ̀ gbé wá, ojúlùmọ̀ ni yóò gbé e lọ.

Ohun tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti ti àpapọ̀ ṣe nìyẹn, ó sì yàtọ̀ sí ti ọdún 1918. Wọ́n lo àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti ń bá àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà, tí wọ́n mọ bí a ti ń kan ilẹ̀kùn kí onílé sì ṣí i. Wọ́n wá 894 ènìyàn rí tí ó ti fara kan aláìsàn tàbí ẹni tí ó fara kàn án, wọ́n sì ń bẹ olúkúlùkù wò fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ìbẹ̀wò náà tó nǹkan bí 18,500. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn olùkéde dé nǹkan bí 26,000 ìdílé tí ó wà ní àyíká wọn, láti ṣàlàyé ohun tí àrùn náà jẹ́ àti ohun tí kì í ṣe. Wọ́n ń sọ iye àwọn tí ó kú, wọ́n sì ń sọ iye àwọn tí ó yè. Ènìyàn 20 ni ó kó àrùn náà ní Nàìjíríà; 8 kú, 12 yè. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Ẹ̀kọ́ Inú Rẹ̀

Bí a bá fi àrùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ara wọn, a óò rí i pé kì í ṣe ìmọ̀ ará ìlú ni ó yí padà jù. Àwọn tí ó wẹ omi iyọ̀ ní ọdún 2014 mọ ìwé ju àwọn tí ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní ọdún 1918 lọ. Àwọn mìíràn nínú wọn tilẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ohun tí ó yí padà ni ọwọ́ tí aláṣẹ fi kan ilẹ̀kùn. Ní ọdún 1918, ó wọlé láti wá aláìsàn. Ní ọdún 1924, ó wọlé láti wá eku, ojú rẹ̀ sì ń lọ sí ilẹ̀. Ní ọdún 2014, ó wọlé láti bèèrè bí ara ti rí, ó sì tún padà wá ní ọ̀la.

Èyí kò sọ pé iṣẹ́ ti parí. Nígbà tí àrùn COVID-19 dé Èkó ní oṣù Kejì ọdún 2020, kò pẹ́ tí àwọn kan fi ń lo oògùn ibà kọjá ìwọ̀n nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́. Àhesọ kò ní tán láyé, gẹ́gẹ́ bí eku kò ti ní tán nínú ilé. Ṣùgbọ́n ilé tí a ń gbá lójoojúmọ́, eku kì í pọ̀ níbẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí a kò gbìn ní ìgbà àlàáfíà, a kò lè kórè rẹ̀ ní ìgbà àrùn. Ìjọba tí ó bá ṣẹ̀tàn lórí omi àti ilẹ̀ kò gbọdọ̀ retí pé a óò gba òun gbọ́ lórí abẹ́rẹ́.

Àwọn olùkọ́ ní ipa tiwọn. Olúwọlé mọ̀ pé ilé-ìwé ni ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ dé inú agboolé. Ọmọ tí a bá kọ́ láti bèèrè pé, ta ni ó sọ ọ́, báwo ni ó ṣe mọ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ náà ni yóò di ìyá tàbí baba ọ̀la, tí tẹlifóònù yóò dún sí létí ní òru. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, a kò ní ogún ọdún láti dúró.